Àmín Tí Màmá Sabina Kì í Kọ Parí

"Màmá, kí ló dé tí ẹ máa ń pa ẹnu dé nígbà tí a bá fẹ́ parí Àmín?"

Dáraolúwa kò mọ ibi tí ó ti rí ìgboyà tó fi bèèrè ọ̀rọ̀ náà. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni nígbà náà, bí àgbàlagbà bá sì bá a sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà, ilẹ̀ ni ó máa ń wò, á máa fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ya ìlà sínú iyẹ̀pẹ̀. Ìyá rẹ̀, tó ń ránṣọ ní Abúlé Òkúta, ló fà á lọ́wọ́ lọ bá àwọn akọrin ìjọ wọn ní Bàrígà.

"Ẹ bá mi fi orin la ẹnu ọmọ yìí," ni ìyá rẹ̀ wí. "Ó ń gbọ́, ó ń yé e, àmọ́ ká tó gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú ilé, iṣẹ́ ni."

Ọ̀gá akọrin, Ọ̀gbẹ́ni Bọ́dúndé, ní kí ọmọ náà kọ dò-re-mí díẹ̀ fún òun. Ó mi orí, ó sì tì í sáàárín àwọn obìnrin tó ń kọ átò, ìyẹn ohùn kejì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá Sabina Ikúmápàyí gan-an.

"Ibẹ̀ ni kó o dúró sí. Ẹni tó bá dúró ti Màmá Sabina kò lè ṣìnà."

Òótọ́ ló sọ. Ohùn Màmá Sabina nípọn, ó lọ sílẹ̀, ó sì dúró sójú kan bí ògiri tí èèyàn lè fẹ̀yìn tì. Inú ohùn yẹn ni Dáraolúwa kó tirẹ̀ sí, bí ọmọ tó sá sábẹ́ ìborùn ìyá rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó sì ṣe fẹ́ ẹ.

Ilẹ̀ Ìlàjẹ, létí òkun, ni wọ́n ti bí Màmá Sabina. Ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ apẹja ló mú un wá sí etí ọ̀sà ní Bàrígà, nígbà tí ilé ibẹ̀ kò tíì pọ̀. Ọkọ náà ti kú, àwọn ọmọ ti dàgbà, ṣùgbọ́n èéfín ààrò tí Màmá fi ń yan ẹja kò kúrò lẹ́yìnkùlé rẹ̀, kò sì kúrò lára aṣọ akọrin rẹ̀ bó ti wù kí ó fọ̀ ọ́ tó. Bí ó bá ń yí ẹja padà lórí iná, orin ni yóò máa kọ. Kì í kọ ọ̀rọ̀ inú orin náà, dò-re-mí rẹ̀ ni, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kọ́ gbogbo orin nínú ẹgbẹ́ wọn. Kò sí dùùrù nínú ìjọ náà. Fèrè kékeré kan ló wà lọ́wọ́ ọ̀gá akọrin. Yóò fun dò, ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á sì ti inú dò yẹn mọ ibi tí olúkúlùkù máa dúró sí.

Serifat, ìyá Awwal, ni ààrò tirẹ̀ kángun sí ti Màmá. Mùsùlùmí ni, kò wọ ṣọ́ọ̀ṣì rí, ṣùgbọ́n ó ti gbọ́ orin wọn débi pé òun náà lè kọ átò lójú oorun.

"Sabina," á ní, "Àmín tẹ́ ẹ tún gbé dé yìí gùn ju ọ̀nà Ìkòròdú lọ. Ṣé ọkọ̀ tiyín kì í gúnlẹ̀ ni?"

"Ìyá Awwal, tẹjú mọ́ ẹja ẹ, ó ń jóná."

Orin tí Serifat ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ yìí, orin ńlá kan ni, orin Kérésìmesì tí òyìnbó àtijọ́ kan kọ, tí àwọn bàbá ìjọ sì ti yí sí Yorùbá tipẹ́. Ọ̀rọ̀ kan péré ló wà ní ìparí rẹ̀, ìyẹn Àmín, ṣùgbọ́n Àmín ọ̀hún gba ojú ìwé mẹ́ta. Báàsì á gbé e jáde, tẹ́nọ̀ á lé e, átò á lé tẹ́nọ̀, ohùn òkè á fò lé gbogbo wọn lórí, wọ́n á máa lé ara wọn kiri bí ọmọdé tó ń ṣeré, títí wọn ó fi pàdé lójú kan. Ẹgbẹ́ akọrin Bàrígà kò tíì kọ ọ́ já rí. Láyé àwọn ológun, ọdún mìíràn ìlú á dàrú, ìsìn orin Kérésì kò ní wáyé rárá. Ọdún mìíràn wọ́n á sáré ṣe é lọ́sàn-án kí kálukú lè tètè délé, orin kéékèèké ni wọ́n sì máa ń kọ.

Nígbà tí àwọn ológun gbé ìjọba sílẹ̀ lọ́dún 1999, àwọn ìjọ Ṣómólú àti ti Bàrígà fẹnu kò pé ní Kérésì ọdún náà, àwọn yóò para pọ̀ ṣe ìsìn orin kan ní ìrọ̀lẹ́, nínú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá kan ní Ṣómólú. Lọ́jọ́ tí àwọn akọrin ń yan orin, Màmá Sabina ló dìde.

"Olójú-ìwé-mẹ́ta yẹn ni ká gbé lọ," ó ní. "Mo ti ń dàgbà. Mo fẹ́ gbọ́ ìparí rẹ̀ kí n tó padà sílé."

Bọ́dúndé gbà, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ilé ìtẹ̀wé ní Ṣómólú ló ti ń ṣiṣẹ́, ìparí ọdún sì ni iṣẹ́ kàlẹ́ńdà máa ń pọ̀ jù, nítorí náà pẹ̀lú tádàwà lọ́wọ́ ni ó máa ń sáré wọlé wá bá wọn. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá dánra wò ni orin náà ń tú, ibì kan náà ni ó sì máa ń tú sí. Ní ìdánrawò tó kẹ́yìn, wọ́n tún débẹ̀. Wọ́n ṣí ojú ìwé kẹta, Màmá Sabina pa ẹnu dé. Dáraolúwa gbọ́ ohùn ara rẹ̀ lójijì, bí ẹni tí wọ́n ṣí aṣọ kúrò lórí rẹ̀. Ẹ̀rù bà á, òun náà dákẹ́. Àwọn átò yòókù wo ara wọn. Orin tú.

"Átò!" Bọ́dúndé pàtẹ́wọ́. "Átò dà? Wọ́n ti wọlẹ̀ ni?"

"Ọ̀gá, wọ́n ti lọ yí ẹja padà," ni Adéjìmí, ọ̀kan lára àwọn tẹ́nọ̀, wí. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín.

Màmá kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. "Adéjìmí, ìwọ lo jẹ orí ọ̀bọ̀kún tí mo fi ránṣẹ́ sí ìyá ẹ lánàá. Egungun rẹ̀ ló há sí ọ lọ́fun yẹn, gbogbo wa là ń gbọ́ ọ."

Ẹ̀rín náà wá pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, àmọ́ Bọ́dúndé kò rẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ni mo gbójú lé. Tó bá tú báyìí níwájú gbogbo Ṣómólú ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká fi orin kékeré kan rọ́pò rẹ̀."

"Kò ní tú."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Bọ́dúndé, mo ní kò ní tú. Bóyá ìwọ ni kó o lọ fọ tádàwà ọwọ́ ẹ."

Nígbà tí wọ́n ń padà sílé nírọ̀lẹ́ yẹn ni Dáraolúwa bèèrè ìbéèrè rẹ̀. Màmá dúró, ó wò ó lọ títí, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

"Áà! Ìwọ náà lẹ́nu! Ọma mi," ó ní, bí àwọn ará Ìlàjẹ ṣe ń pe ọmọ, "ìdáhùn rẹ̀ ń bẹ, àmọ́ bí mo bá sọ ọ́ fún ọ nísinsìnyí, mo ti bà á jẹ́. Máa kọ orin tìẹ."

Lọ́jọ́ ìsìn náà, ṣọ́ọ̀ṣì Ṣómólú kún dé ẹnu ọ̀nà. Àwọn tí kò ráyè jókòó dúró lójú fèrèsé. Ìyá Awwal wà lára wọn, ó wé gèlè tuntun, ó ní òun wá wò ó bóyá ọkọ̀ máa gúnlẹ̀.

Orin méjì ni Bàrígà ní láti kọ. Èkíní jẹ́ orin pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ fún ọmọ jòjòló inú ibùjẹ ẹran, dò tirẹ̀ sì ga. Wọ́n kọ ọ́ dáadáa, ìjọ mi orí. Bọ́dúndé nu òógùn ojú rẹ̀, ó gbé fèrè sẹ́nu lẹ́ẹ̀kejì. Dò tó lọ sílẹ̀ ló yẹ kí ó fun, èyí tí wọ́n fi kọ́ orin ńlá náà. Ṣùgbọ́n ayọ̀ àti ìbẹ̀rù ti dàpọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, dò orin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ tán ni ó tún fun. Àwọn akọrin Bàrígà kò mọ bí a ti ń bá fèrè jiyàn. Dò tí ó fún wọn ni wọ́n gbà.

Ọ̀nà ọ̀fun Dáraolúwa ló kọ́kọ́ mọ̀. Gbogbo ibi tó mọ̀ nínú orin náà ti sún sókè, bí ìgbà tí èèyàn wọ ilé ara rẹ̀ tó bá gbogbo àga lórí tábìlì. Ojú Bọ́dúndé yí padà, òun náà ti mọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ṣíkọ̀, kò sí bí wọ́n ṣe lè padà.

Orin ń gòkè. Iṣan ọrùn àwọn ohùn òkè yọ síta. Ojú ìwé àkọ́kọ́ nínú Àmín gba èémí wọn, nígbà tí wọ́n sì dé ìkejì, ẹnu lásán ni àwọn kan nínú wọn ń là. Màmá Sabina, tí ohùn rẹ̀ fẹ́ràn ìsàlẹ̀, ń gun orin náà bí ẹni tó ru apẹ̀rẹ̀ ẹja gun àtẹ̀gùn. Kò sinmi, kò sì yẹ̀. Wọ́n ṣí ojú ìwé kẹta.

Màmá pa ẹnu dé.

Dáraolúwa fẹ́ dákẹ́ bó ti máa ń ṣe. Ó gbójú sókè wo Màmá. Ojú tó rí kì í ṣe ojú ẹni tó ti rẹ̀. Màmá ti di ojú méjèèjì, ó tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bí ẹni tó dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn tó ń fetí sí ẹsẹ̀ ẹni tó ń bọ̀. Dáraolúwa kò mọ ohun tí ó ń retí láti gbọ́, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kó jẹ́ ìdákẹ́ ni Màmá máa gbọ́. Ibi gíga tó ń ni àwọn yòókù lára yìí, ó sì ti ṣàkíyèsí pé kò ni òun lára rárá. Ibẹ̀ gan-an ni ohùn rẹ̀ ń gbé. Kò mọ̀ rí ni, torí orin kò gbé e débẹ̀ rí.

Ó la ẹnu.

Ohùn náà jáde, ó tín-ín-rín, ó mọ́ gaara. Obìnrin tó wà lápá ọ̀tún rẹ̀ gbọ́ ọ, ó dì í mú. Èyí tó tẹ̀ lé e dì í mú. Átò dúró. Nígbà tí átò ti dúró, àwọn ohùn òkè rí ibi fẹsẹ̀ lé, wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n sì tún fò. Ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lé ara wọn dé ìkángun, wọ́n pàdé, wọ́n kọ Àmín tó gbẹ̀yìn pọ̀, wọ́n sì dì í mú títí Bọ́dúndé fi rántí pé òun ló yẹ kí ó dá wọn dúró.

Lẹ́yìn náà ni igbe kan ta lójú fèrèsé:

"Ó ti gúnlẹ̀ o! Ó ti gúnlẹ̀ sí Ìkòròdú!"

Gbogbo ìjọ dìde. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n hó, àwọn bàbá tó wà níwájú ń ju fìlà sókè. Àwọn akọrin ìjọ yòókù, tí wọ́n ti ń fojú kéré àwọn ará etí ọ̀sà, ń na ọwọ́ sí wọn láti bọ̀ wọ́n lọ́wọ́. Àwọn ohùn òkè ń sunkún, wọ́n tún ń rẹ́rìn-ín.

Níta, Bọ́dúndé ká ọwọ́ mọ́ orí. "Ẹ̀bi mi ni, ẹ̀yin ará. Dò orin àkọ́kọ́ ni mo fun."

"Bọ́dúndé, a ti gun òkè náà tán," ni Màmá wí. "Má sọ̀ wá kalẹ̀ mọ́."

"Ọ̀gá, ṣé ibẹ̀ la ó ti máa kọ ọ́ lọ́dọọdún ni?" ni Adéjìmí bèèrè. Díẹ̀ ló kù kí àwọn ohùn òkè lù ú.

Màmá gbé ọwọ́ lé Dáraolúwa lórí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, odindi ọ̀bọ̀kún yíyan kan dé ilé ìyá Dáraolúwa, wọn kò rán iṣẹ́ kankan mọ́ ọn.

Láti ìgbà náà, ọdọọdún ni wọ́n ń kọ orin náà já, ní dò tó yẹ ẹ́, ọdọọdún ni Màmá Sabina sì ń pa ẹnu dé ní ojú ìwé kẹta. Adéjìmí ní eyín ló ń dùn ún. Ìyá Awwal ní ọkọ rẹ̀ tó ti kú ló ń rántí. Dáraolúwa gba ti Ìyá Awwal gbọ́, ìdí nìyẹn tí kò fi tún bèèrè.

Lẹ́yìn Kérésì ọdún tí Dáraolúwa wọ kíláàsì tó gbẹ̀yìn ní girama, àkọ́bí Màmá wá láti mú un padà sí Ìlàjẹ. Ààrò ti tutù. Gbogbo akọrin wá kí i, wọ́n sì lọ, ṣùgbọ́n Dáraolúwa, tó ti di ẹni tó ń ṣáájú átò, dúró bá a di ẹrù. Màmá jókòó lórí àpótí kan.

"Ọma mi, o bi mí ní ìbéèrè kan nígbà tó o kéré. O ò tún bi mí mọ́."

"Mo rò pé bàbá lẹ máa ń rántí, Màmá."

"Ikúmápàyí?" Màmá rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. "Ọkùnrin tó jẹ́ pé híhanrun nìkan ni orin tó mọ̀! Rárá o. Fetí sílẹ̀. Bàbá tó bí mi ló ń lé orin fún àwọn tó ń fa àwọ̀n ńlá ní etí òkun wa. Òun á lé, gbogbo wa á gbè, a ó sì máa fà á bọ̀. Àmọ́ bí àwọ̀n bá ti sún mọ́ èbúté, níbi tó ti wúwo jù, bàbá mi á dákẹ́. Ó ń gbọ́ wa ni. Bí ohùn ẹnì kan bá ti ń wọlẹ̀, á mọ̀ pé ó ti rẹ onítọ̀hún, á sì lọ bá a di okùn mú. Kò sọ fún wa rí, torí bí a bá mọ̀ pé ó ń gbọ́ wa, igbe lásán la máa ké. Èmi náà ń gbọ́ yín ni. Níbi ìdánrawò, mo jẹ́ kó tú kí n lè mọ ibi tí okùn ti ń dẹ̀. Lọ́jọ́ Ṣómólú yẹn, mo ti mí sínú, mo ti múra láti bá yín dì í mú. Mo fetí sílẹ̀ títí àwọ̀n fi gúnlẹ̀, àmọ́ láti ìgbà tí ohùn tìẹ ti jáde, n kò gbọ́ ẹni tó rẹ̀ mọ́."