Ọ̀pá Irin Tó Dógùn-ún Nígbà Tí Ọlọ́pàá Dá Mi Dúró

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní ìlú Bouaké, nílẹ̀ àwọn Baoulé, nígbà náà, ká fọ́n sẹ̀rámíìkì sára irin ni, ìyẹ̀fun funfun tó bá àwo tánganran tan. Ìbọn oníná tí wọ́n ń pè ní pílásímà ló ń yọ́ ọ, tó sì ń fọ́n ọn, kí omi má baà tètè jẹ irin. Ọrọ̀ ajé ti dẹnu kọlẹ̀. Àwọn èèyàn ò ra irin tuntun mọ́, àtúnṣe ni wọ́n ń gbé wá.

Lọ́jọ́ kan báyìí, mo fi iyanrìn ha ọ̀pá ẹ̀rọ tó ń fa omi, títí ara rẹ̀ fi rí ṣákiṣàki, kí sẹ̀rámíìkì lè rí ibi dì mú. Irin tí a bá ti ha kì í dúró deni, kíákíá ló ń dógùn-ún, pàápàá lásìkò òjò. Mo ní kí n sáré ra búrẹ́dì ní Commerce, àdúgbò ọjà, kí n tó tan ìbọn.

Ọlọ́pàá kan dá mi dúró. Ó yí káàdì ìdánimọ̀ mi síwá sẹ́yìn.

"Orúkọ Anago nìyí." Anago ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀.

"Bouaké níbí ni wọ́n bí mi."

"Bí gbogbo yín ṣe ń wí nìyẹn. Jókòó síbẹ̀."

Mo jókòó títí ìdí fi ń dùn mí. Nígbà tó dá káàdì padà, kò sọ ohun tí mo ṣe.

Nígbà tí mo padà síbi iṣẹ́, Ṣẹ́ẹ̀fù, ọ̀gá wa, ọmọ Baoulé, ti dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ̀yin Anago, ẹ fẹ́ràn ọjà jù!"

"Ṣẹ́ẹ̀fù, ọlọ́pàá ló mú mi. Irin yìí ti ń dógùn-ún, ẹ jẹ́ kí n tún un ha."

"Àwọn tó ni ín ń dúró. Fọ́n ọn bẹ́ẹ̀."

Mo fọ́n ọn. Ó dán, ó wu ojú, àmọ́ bó ṣe tutù tán, ó ń ṣí bí èèpo ẹyin. Ṣẹ́ẹ̀fù ní mo gbé ìbọn jìnnà jù, ìyẹ̀fun ti ń tutù kó tó kan irin. Èmi ní ìdógùn-ún ni. A pariwo mọ́ra wa títí ohùn fi há.

Nígbẹ̀yìn, a ṣe tèmi, a ṣe tirẹ̀. Mo tún un ha, a mú irin náà gbóná díẹ̀, mo sún ìbọn mọ́ ọn. Iná mànàmáná tún wá ń ṣe ségesège. Bó bá ti rẹlẹ̀, ìyẹ̀fun ò ní yọ́ tán, a óò dúró. Mo bú iná, mo bú òjò.

Sẹ̀rámíìkì náà dì mú. Ṣẹ́ẹ̀fù fi ìka kan án.

"Ṣé wọ́n lù ọ́ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá?"

"Rárá."

Ó ní òun á fi mọ́tò gbé mi dé Ahougnansou, àdúgbò tí mò ń gbé. Mo gbà, torí ó ti rẹ̀ mí. Inú ṣì ń bí mi sí ọlọ́pàá yẹn, àti sí òun náà.