Ìkúnlẹ̀ Lẹ́yìn Kọfí

Mo ṣí agolo kọfí tí ìyàwó mi tó dolóògbé fi sílẹ̀, òórùn rẹ̀ sì gbé mi padà sí yàrá tí èmi àti àwọn òbí mi ń gbé ní Abúlé Òkúta nígbà tí mo wà lọ́mọdé, lọ́sàn-án ọjọ́ tí ìyá bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, ń bọ̀ láti Abẹ́òkúta.

Rédíò ń pariwo ìjọba alágbádá tó ń bọ̀. Èéfín ẹja ń fẹ́ wọlé láti Ìlàjẹ, àdúgbò àwọn apẹja tó wà nítòsí wa. Ibà pọ́njú ti lọ lára ìyá mi tipẹ́, ṣùgbọ́n àárẹ̀ rẹ̀ kò lọ. Bàbá mi gbé ife kọfí dúdú sí i lẹ́nu.

"Ó korò."

"Jọ̀ọ́, mu ún. Bí Màmá bá bá ẹ lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á ní kí n fẹ́ ẹlòmíràn."

Ó mu ún tán. Ojú rẹ̀ là, ó wẹ̀, ó gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó gbá yàrá. Mo rò pé ara rẹ̀ ti yá.

Màmá wọlé, ìyá mi kúnlẹ̀. "Ẹ kú àbọ̀, mà."

"Ìyàwó, wọ́n ní oorun niṣẹ́ tí ò ń ṣe nílé yìí."

"Irọ́ ni, mà."

"Ó dáa, dìde."

Kò dìde. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀.

Bàbá mi tètè fọhùn: "Àdúrà yín ló ń dúró dè, Màmá."

Màmá rẹ́rìn-ín, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í súre. Mo ń ṣe àmín kíkankíkan, n kò sì mọ ìdí tí bàbá mi fi ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi kún un. Ìgbà tí irú àárẹ̀ yìí dé bá ìyàwó tèmi ni mo tó mọ̀ pé kọfí lè la ojú ẹni láìfún orúnkún lágbára.

Nígbà tó yá, àdúrà tán lẹ́nu Màmá. Ìyá mi ṣe àmín, ó fọwọ́ tẹlẹ̀, ó wo bàbá mi, kò sì lè dìde.