Ààrẹ Pell Kó Kíláàsì Sínú Yìnyín

Títí dòní, bí yìnyín bá ti ń já bọ́ ní Harlan Grove, ìtàn olóògbé Ezra Pell làwọn èèyàn kọ́kọ́ máa ń sọ. Àlùfáà Mẹ́tọ́díìsì ni, òun sì ni ààrẹ yunifásítì kékeré tí ìjọ dá sílẹ̀ nílùú wa ní Indiana. Ní oṣù Fẹ́búárì ọdún 1869, ó gba Almira Stroud, ọmọ àgbẹ̀ kan, sí kíláàsì Gíríìkì. Ìgbìmọ̀ yunifásítì fárígá: obìnrin kankan ò gbọdọ̀ jókòó nínú yàrá ẹ̀kọ́ àwọn ọkùnrin.

Pell ò bá wọn jiyàn. Lọ́jọ́ kejì, ó kó gbogbo kíláàsì síta, Almira náà wà níbẹ̀, wọ́n wé bùláńkẹ́ẹ̀tì mọ́ra, ó sì ń kọ́ wọn nìṣó nínú yìnyín. Lọ́jọ́ kẹrin, Arákùnrin Blodgett, alága ìgbìmọ̀, yọ sí wọn. Ọmọ tiẹ̀ gan-an wà lára àwọn tó ń sín.

"Ààrẹ, kí lẹ ń ṣe níta?"

"Gíríìkì ni, Arákùnrin. Ìpinnu yín ò sọ pé ẹ̀kọ́ ò gbọdọ̀ jáde."

"Ẹ wọlé, ẹ jọ̀ọ́."

"Ta ni kó wọlé nínú wa?"

Blodgett wo imú ọmọ rẹ̀ tó ti pọ́n. "Gbogbo yín. Àmọ́ kí ọmọbìnrin yẹn jókòó lẹ́yìn."

"Ẹ̀yìn ti kún," ni Pell fèsì. "Ibẹ̀ lọmọ yín máa ń sùn sí."

Ọ̀pọ̀ ọdún ni Pell ti fi gun ẹṣin wàásù kiri abúlé kó tó di ààrẹ. Dorcas, ẹṣin náà, ti gbà pé ibi yòówù tí èèyàn bá pé sí, ìwàásù ló kù. Lọ́jọ́ kan, ó dúró níbi tí wọ́n ti ń ta ẹlẹ́dẹ̀ ní gbàǹjo, ó kọ̀, kò gbéra mọ́. Ni Pell bá ṣí fìlà, ó wàásù fún odindi wákàtí kan.

"Ẹ ti ba ọjà mi jẹ́, Àlùfáà," ni onígbàǹjo wí. "Ẹkún ni wọ́n ń sun, wọn ò ra ẹlẹ́dẹ̀."

"Dorcas ni kẹ́ ẹ bá wí."

Nígbà tí àìsàn dá Pell dùbúlẹ̀ ní ọdún 1888, Almira ti di olùkọ́ Gíríìkì ní yunifásítì náà. Ọ̀sọ̀ọ̀sán ló ń wá ka Májẹ̀mú Tuntun lédè Gíríìkì fún un. Pell á di ojú, á sì máa tún ìpè rẹ̀ ṣe: "Rárá, ọmọ mi. Tún un kà." Inú á bí Almira díẹ̀. Lovina, ìyàwó Pell, tó ń hun ìbọ̀sẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, á rẹ́rìn-ín: "Má dá a lóhùn. Láti ogójì ọdún ló ti ń tún ọbẹ̀ mi ṣe."

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ kan, Almira ṣèèṣì ṣi ọ̀rọ̀ kan pè. Ó dúró. Pell ò sọ nǹkan kan. Almira mọ̀ọ́mọ̀ ṣi òmíràn pè, ó pè é sókè dáadáa. Pell ò fèsì.

"Ìyá," ni Almira rọra pe Lovina.

Lovina gbé ìbọ̀sẹ̀ sílẹ̀, ó di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú. "Má dákẹ́," ló wí. "Ṣáà máa kà á lọ fún un."

Almira nu ojú rẹ̀, ó sì ka orí náà parí. Kò ṣi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan pè mọ́.