Ọmọ Pẹ́pẹ́yẹ Méje Tí Eilert Fi Ọgbọ́n Pa

Mo ti rí ọ̀lẹ, mo ti rí òpùrọ́, ṣùgbọ́n ọlọ́gbọ́n-lójú-ara-ẹ̀ bíi Eilert, ọmọ Petrine, kò tíì gúnlẹ̀ sí erékùṣù wa rí. Ọ̀dọ́mọkùnrin ló kúrò nílé. Ó di ẹni ogójì ọdún kó tó padà, ó gbé irùngbọ̀n àti ìwé kan nípa ẹyẹ dé. Ìwé kan péré o! Ó wá ń kọ́ àwa tí wọ́n bí sáàárín pẹ́pẹ́yẹ òkun.

Àádọ́ta ọdún ni ìyá rẹ̀ fi kọ́ ilé olókùúta kéékèèké fún àwọn ẹyẹ náà, tó ń tẹ́ ewé òkun gbígbẹ sí i. Wọ́n á yé, wọ́n á pa, wọ́n á sì fi ìyẹ́ múlọ́múlọ́ inú ìtẹ́ sílẹ̀ fún un. Lọ́jọ́ tí ara ọmọ bá gbẹ, Petrine á kó wọn sí ìṣẹ́tí aṣọ rẹ̀, á máa rọra sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí omi, ìyá wọn á sì máa tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Àwọn ẹyẹ funfun tó ń gbé ọmọ mì kò jẹ́ sún mọ́ wọn.

Lọ́dún tí Eilert padà yẹn, àìsàn dá Petrine dùbúlẹ̀ ní yàrá òkè. Pẹ́pẹ́yẹ kan ṣoṣo ló wá yé, lábẹ́ fèrèsé rẹ̀ gan-an. Petrine ní ohun kan ṣoṣo lòun ń fẹ́ kóun tó kú: kí àwọn ọmọ yẹn dé òkun.

Méje ni wọ́n. Bí mo ṣe gbọ́ pé ara wọn ti gbẹ, mo ṣẹ́ aṣọ mi sókè, mo lọ síbẹ̀.

"Eilert, jẹ́ ká máa kó wọn lọ."

"Ọmọ òòjọ́ nínú omi tútù yẹn? Àǹtí Jorunn, ìkà lẹ̀yin ará ibí yìí o!"

"Ìyá wọn ló ń dúró yẹn."

"Ẹ lọ sinmi jàre. Ọjọ́ mẹ́ta sídìí sítóòfù, búrẹ́dì rírẹ díẹ̀, wọ́n á lágbára."

"Ta lo bá tọ́ ọmọ rí, ìwọ yìí?"

"Ó wà nínú ìwé."

Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Ó kó wọn sínú páálí, ó tìlẹ̀kùn. Ọjọ́ méjì ni ìyá wọn fi ń ké níta. Ní ọjọ́ kẹta, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ìgbà yẹn ni ọ̀gbẹ́ni wá kó wọn lọ sínú omi, ó sì pè wá kí á wá wòran. Ọmọ tí kò sùn sábẹ́ ìyẹ́ ìyá rẹ̀, omi a máa wọ̀ ọ́ lára ni. Wọ́n rin gbingbin bí àkísà. Méjì rì lójú wa, àwọn ẹyẹ funfun gbé márùn-ún yòókù.

"Wọ́n ti ń ṣàìsàn tẹ́lẹ̀ ni," ni Eilert wí. Ojú kò tì í rárá.

Mo gbé kọfí lọ fún Petrine lókè. Ọmọ rẹ̀ ti jókòó tì í.

"Wọ́n dé òkun?"

"Gbogbo wọn, Màmá. Méjèèje."

"Ìyá wọn ńkọ́?"

"Òun ló ṣáájú."

"Ọjọ́ méjì ló fi ké lábẹ́ fèrèsé mi, Eilert. Èmi náà ń ké pè ọ́ látòkè pé kó o ṣílẹ̀kùn. O ò gbọ́ ọ, o ò gbọ́ èmi náà."

Petrine kọjú sógiri.

"Jorunn, bá mi ti fèrèsé yẹn. Kò sóhun tí mò ń retí níta mọ́."