Kẹ̀kẹ́ Tó Bá Èjìká Nelda Mu

Ní gbogbo Flour Bluff, àdúgbò wa tó wà nítòsí òkun, n kò tíì rí ẹni tó mọ ọpẹ́ dú bíi Nelda Longoria. Bí ọkọ̀ rẹ̀ bá kọ̀ tí kò ṣíná, á dúpẹ́ pé iwájú ilé ló kọ̀ sí. Bí òjò bá rọ̀ sórí aṣọ tó sá, á dúpẹ́ pé koríko rí omi mu. Ó máa ń bí àwa míì nínú nígbà mìíràn, nítorí ẹni tí ara ń ta kì í fẹ́ kí wọ́n máa kọrin ọpẹ́ sí òun létí. Ṣùgbọ́n obìnrin náà kì í ṣe òmùgọ̀ o. Ó lé ní ogún ọdún tó fi wa bọ́ọ̀sì ilé ìwé, ẹni tó bá sì ti gbé ọmọ ọlọ́mọ sẹ́yìn fún ogún ọdún tí wọ́n ń pariwo mọ́ ọn létí, tí orí rẹ̀ kò dàrú, ó yẹ kó mọ ọpẹ́ẹ́ dú.

Bọ́ọ̀sì ni iṣẹ́ àárín ọ̀sẹ̀. Tó bá di òpin ọ̀sẹ̀, òkun ni. Òun àti Arnulfo ọkọ rẹ̀ á di ẹrù sẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n á wa ọkọ̀ gba orí iyanrìn lọ sí ìsàlẹ̀ erékùṣù Padre, títí wọn ò fi ní rí ilé kankan mọ́, wọ́n á wá dúró de ẹja ekurá, baba ẹja tí eyín rẹ̀ dà bí ayùn. Orí ilẹ̀ ni wọ́n ti ń fi ìwọ̀ mú un, wọn kì í wọ ọkọ̀ ojú omi lé e. Tí wọ́n bá sì mú un tán, wọ́n á wọn gígùn rẹ̀, wọ́n á gún àmì kékeré sí i lẹ́yìn kí ẹni tó bá tún mú un lè dá a mọ̀, wọ́n á dá a padà sínú omi kó máa bá tirẹ̀ lọ. Ẹni tí kò bá mọ̀ á ní orí wọn kò pé. Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí.

Wọ́n pín iṣẹ́ náà láàárín ara wọn. Ọwọ́ kò lè ju ìjẹ ekurá dé ibi tí ekurá wà, àfi kí èèyàn gbé e lọ. Nelda ló ń gbé e lọ. Á gbé orí ẹja ńlá kan tí ìwọ̀ wà nínú rẹ̀ lé itan, á jókòó sínú ọkọ̀ ẹlẹ́nìkan, á máa fi àjẹ̀ wà á kọjá òkìtì iyanrìn abẹ́ omi kìíní, ìkejì, ìkẹta, ìgbì á máa gbá a lójú, á sọ ìjẹ náà sómi, á wá padà. Arnulfo á wà létí omi pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ká okùn ìwọ̀ sí, nọ́ńbà ọgọ́rin, bí nọ́ńbà bá ṣe ga ni kẹ̀kẹ́ ṣe ń tóbi tí okùn rẹ̀ sì ń pọ̀, kẹ̀kẹ́ tó wúwo bí ìkòkò irin, á máa tú okùn náà tẹ̀lé e. Tí ẹja bá gbé ìjẹ, Arnulfo ló ni ìjàkadì. Nelda kò di kẹ̀kẹ́ mú rí. Ó ní òun ti ṣe tòun, kí onítọ̀hún ṣe tirẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, lẹ́yìn Àjíǹde, àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lu Arnulfo nídìí kọfí àárọ̀. Ọwọ́ ọ̀tún rọ jọwọlọ, ẹsẹ̀ ọ̀tún di ohun tó ń wọ́ nílẹ̀, ẹnu wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Nígbà tí ahọ́n rẹ̀ padà, Nelda dúpẹ́ lọ́wọ́ Màríà Wúńdíá títí ó fi sunkún. Arnulfo ní tirẹ̀ fi ahọ́n náà bú gbogbo ayé. Ó bú dókítà, ó bú ọ̀pá tó fi ń rìn, ó bú ẹyẹ tó ń ké lójú fèrèsé. Tí àwọn ọ̀rẹ́ bá wá pè é kó jẹ́ kí àwọn gbé e lọ sétí òkun, á di ojú, á ní òun ń sùn. Ìgbà tó ṣe, ó ní kí wọ́n ta gbogbo nǹkan náà: ọ̀pá ìwọ̀, kẹ̀kẹ́, ọkọ̀ ẹlẹ́nìkan, gbogbo ẹ̀. Ọkùnrin kan láti Rockport ní òun máa wá wò ó.

Ọjọ́ yẹn nìkan ni n kò gbọ́ ọpẹ́ lẹ́nu Nelda. Ó mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀pá àti kẹ̀kẹ́ ni ọkùnrin náà fẹ́ tà. Ara rẹ̀ ló ń tà lẹ́yọ lẹ́yọ, tí ó bá sì tà á tán, kí ni yóò kù nínú ilé yẹn fún un láti máa tọ́jú? Ó lọ dúró níwájú àga rẹ̀.

"Bàbá arúgbó, jẹ́ kí n fúnra mi mú ẹyọ kan kí o tó tà á."

"Ìwọ? Ìwọ tí o ò di kẹ̀kẹ́ mú rí?"

"Ṣé wọ́n bí tìẹ mọ́ ẹ lọ́wọ́ ni?"

Arnulfo wò ó láti òkè délẹ̀. Ó ní ó dáa, tí ó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú ekurá kan dé orí iyanrìn kí ará Rockport tó dé, òun ò ní ta ìwọ̀ kan ṣoṣo. Tí kò bá sì mú un, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn, kó má dárúkọ òkun sí òun létí mọ́ láéláé. Nelda ní òun gbà, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé òun lọ, ì báà jẹ́ inú ọkọ̀ ló máa jókòó sí. Arnulfo gbà, torí ó dá a lójú pé ibi tó ń lọ, kò ní dé ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wá kan kẹ̀kẹ́ tí yóò lò. Ó kọ́kọ́ gbé nọ́ńbà ọgọ́rin ọkọ rẹ̀ sójú agbàlá, ó so okùn rẹ̀ mọ́ igi, ó fà á bí ẹni tí ẹja ń fà. Èjìká tó fi ń yí ọwọ́ bọ́ọ̀sì láti ọjọ́ pípẹ́ fún un lésì lójú ẹsẹ̀. Apá rẹ̀ kò tiẹ̀ gbé e tó ìgbà tí omi fi máa hó. Royce Hudgins, ọ̀rẹ́ ọkọ rẹ̀, tó ní ọkọ̀ ojú omi tí kì í dákẹ́ nípa rẹ̀, bá gbé kẹ̀kẹ́ kékeré wá, nọ́ńbà ọgbọ̀n, ó fúyẹ́, ó ń dán. Ó ní èyí ló bá Àǹtí Nelda mu, pé òun ti fi mú ekurá tó gùn ju òun fúnra òun lọ. Kò parọ́. Nelda dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni pé ó fún un nílé.

Ní Sátidé àkọ́kọ́, àwa ọ̀rẹ́ wọn bá wọn lọ sétí òkun, Royce ló wa ìjẹ lọ. Ìgbì dojú ọkọ̀ náà dé lẹ́ẹ̀mejì kó tó kọjá òkìtì iyanrìn kejì, a sì rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn wá. Arnulfo kò rẹ́rìn-ín. Inú ọkọ̀ ló wà, ó gbé gíláàsì fèrèsé rẹ̀ sókè. Nígbà tí oòrùn ń rọlẹ̀, ẹja gbé e. Kẹ̀kẹ́ ké. Kí Nelda tó fi ẹsẹ̀ rinlẹ̀ dáadáa, ó ti ń rí irin ìdí kẹ̀kẹ́ tó ń dán láàárín okùn tó ṣẹ́ kù, kó tó dé ibi tó máa ké sí Royce, okùn tán, ó já pá. Ekurá gbé ìwọ̀ àti okùn lọ, ó fi obìnrin sílẹ̀ pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ òfìfo. Nígbà tí wọ́n ń lọ sílé, Arnulfo sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ó ní Sọ́ńdè ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ará Rockport ń bọ̀.

Ọ̀rọ̀ náà dun Nelda, àánú ẹja náà sì ṣe é pẹ̀lú, tó ń fa okùn kiri nínú òkun. Ìdí bọ́ọ̀sì ló ti rò ó ní ọjọ́ Mọ́ńdè. Royce kò parọ́, ó fi nọ́ńbà ọgbọ̀n mú ekurá lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú ọkọ̀ ojú omi ló wà. Bí ẹja bá sá, ọkọ̀ á lé e. Kí ni òun tó dúró lórí iyanrìn máa fi lé e, ṣé bàtà? Ohun mìíràn tún wà tí Royce kò kà mọ́ ọn rárá, òun Nelda nìkan ló sì lè kà á. Kí ẹja tó la ẹnu pàápàá, ohun tó ju ìdajì okùn kẹ̀kẹ́ kékeré yẹn lọ ti wà nínú omi tán. Òun ló ti ń gbé e lọ síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Apá rẹ̀ mọ bó ṣe jìnnà tó. Ìgbàkígbà tó bá wà á padà, ó máa ń rí i pé okùn ti dín kù púpọ̀ lórí kẹ̀kẹ́ ńlá ọwọ́ Arnulfo, kò kàn fi ọkàn sí i ni.

Gbogbo wa ló jẹ́ pé bí ẹja ṣe tóbi la fi ń yan kẹ̀kẹ́. Ibi tí èèyàn bá gbé ìjẹ dé ló yẹ ká kọ́kọ́ wò, ká fi okùn tí ẹja máa fà lọ lé e lórí, ká wá bi apá pé ṣé ó gbé e.

Ó wa bọ́ọ̀sì òfìfo kọjá ilé Royce lọ́sàn-án, ó dúró. Ó ní nọ́ńbà àádọ́ta lòun fẹ́, èyí tó fẹ̀ nínú. Kí wọ́n ká okùn híhun tó tẹ́ẹ́rẹ́ sí ìsàlẹ̀ kó lè gùn, kí wọ́n fi okùn rọ́bà tó nípọn bo orí rẹ̀ fún iyanrìn àti awọ ekurá tó ń họ nǹkan bí ayùn. Royce ní ó kàn fẹ́ fi èjìká ara rẹ̀ ṣòfò ni.

"Royce, nígbà tí ìgbì da ẹ́ nù lẹ́ẹ̀kejì yẹn, ṣé o bojú wẹ̀yìn?"

"Mo bojú wẹ̀yìn, Àǹtí."

"Báwo ni mo ṣe tóbi tó lójú ẹ?"

Royce fi ìka méjì wọ̀n ọ́n. Ó ní bíi èèrà. Ó wọlé lọ, ó gbé nọ́ńbà àádọ́ta tirẹ̀ tó fi kọ́ sára ògiri jáde, ó nu eruku rẹ̀, wọ́n sì jókòó papọ̀ ká okùn sí i. Nelda dúpẹ́ títí ó fi sú Royce.

Sátidé kejì dé, ooru mú, Arnulfo sọ gíláàsì kalẹ̀ ṣùgbọ́n kò sọ̀ kalẹ̀. Royce gbé ìjẹ kọjá òkìtì kẹta lọ láì dànù, ẹni àná ti gbọ́n. Wọ́n dúró. Wọ́n jẹ tákò tí Nelda dì wá. Ẹja gbé e lẹ́yìn oúnjẹ, ó sì kọrí sí àárín òkun bí ẹni tí wọ́n ránṣẹ́ pè.

Èjìká Nelda gbà á. Ìgbànú tó so kẹ̀kẹ́ mọ́ ìdí rẹ̀ gbé díẹ̀ nínú ìwúwo náà, ó fẹ̀yìn, ó fi ẹsẹ̀ walẹ̀ sínú iyanrìn. Okùn rọ́bà lọ tán, okùn híhun yọ, ẹja ṣì ń lọ. Okùn bẹ̀rẹ̀ sí í tán lórí kẹ̀kẹ́. Ẹ̀rù wá bà á gidi, ó rí Sátidé àkọ́kọ́ tó tún ń bọ̀, ó na ọwọ́ láti fún bíréèkì kẹ̀kẹ́ náà, tó ń dá okùn dúró, mọ́ra. Kò sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò ní lọ síbẹ̀.

Ilẹ̀kùn ọkọ̀ ṣí gbàgà. Arnulfo ń bọ̀ láì mú ọ̀pá dání, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ nínú iyanrìn.

"Tú u! Nelda, má fún un! Tú u díẹ̀!"

Nelda gbọ́ ohùn rẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni pé ọkùnrin yìí fẹ́ kí ẹja lọ, kó lè ráyè ta ẹrù rẹ̀ kó sì kú jẹ́jẹ́ lórí àga. Ó bojú wẹ̀yìn. Ojú tó rí kì í ṣe ojú ẹni tó fẹ́ ta nǹkan. Ojú Arnulfo àtijọ́ ni, ojú tí kò tíì rí láti ìgbà àìsàn. Ó tú bíréèkì náà díẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ ń kọ̀ ọ́ fún un.

Òótọ́ sì ni Arnulfo sọ. Bí okùn bá ti ń dín lórí kẹ̀kẹ́, bíréèkì fúnra rẹ̀ ló ń le sí i, kò nílò ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Bó bá fún un ni, okùn á já. Ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹja sá díẹ̀ sí i, ó rọra sá, ó dúró. Ìgbà tó dúró, okùn ṣì wà nídìí kẹ̀kẹ́, kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó wà.

Arnulfo dúró sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó fi ọwọ́ òsì di ìgbànú rẹ̀ mú. Ó ń sọ fún un ìgbà tó máa ká a àti ìgbà tó máa sinmi. Lórí ẹsẹ̀ kan, n kò mọ ẹni tó ń gbé ẹnì kejì dúró. Oòrùn ti yí kí wọ́n tó rí ẹ̀yìn ẹja náà nínú ìgbì, ó lábàwọ́n lára bí ẹkùn, ó gùn ju ọkọ̀ ẹlẹ́nìkan yẹn lọ. Royce fò sómi, ó di okùn irin tó so mọ́ ìwọ̀ mú, Nelda sì fi ẹsẹ̀ tẹ iyanrìn tí ikùn ẹja náà ń họ.

Láàárín wa, ẹni tó di kẹ̀kẹ́ mú ló ń gún àmì. Nelda gba ọ̀pá àmì náà lọ́wọ́ Royce, ó nà án sí ọkọ rẹ̀. Arnulfo wọ omi dé orúnkún, ó fi ọwọ́ òsì gún un. Ó wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó wọlé. Wọ́n yí orí ẹja náà sí òkun, ó ju ìrù lẹ́ẹ̀kan, ó lọ.

Wọ́n jókòó sínú omi níbẹ̀ bí ọmọdé. Nelda ń sunkún, ó ń dúpẹ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Màríà, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Royce, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ kẹ̀kẹ́, ó tiẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ èjìká rẹ̀.

"Èmi ńkọ́?" Arnulfo ló bi í bẹ́ẹ̀.

"Ìwọ ni mo fi kẹ́yìn. Ká ní o ò sọ̀ kalẹ̀ ni, ó ti já. Tí o bá tà á tán, ta ni á wá máa kígbe mọ́ mi?"

Arnulfo yíjú sí òkun. Ó ń wo ibi tí ẹja gbà lọ. Ó wá ní kó pe ọkùnrin Rockport yẹn, kó sọ fún un pé kó má wulẹ̀ wá lọ́la.

"Mo ti pè é láti Túsìdé."

Arnulfo yíjú sí i. "Kí o tó mú ẹja?"

"Kí n tó mú ẹja."

Ó wò ó, ẹnu tó wọ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó rín in títí omijé fi dà lójú rẹ̀. Ó wá na ọwọ́ òsì sí Royce kó fa òun dìde, ó ní kó lọ gbé ìjẹ mìíràn sínú ọkọ̀, ilẹ̀ kò tíì ṣú.