Ọwọ́ Òsì Bàbá Mi

Ọlọ́wọ́ òsì ni Vidoje, bàbá mi. Ayùn, òòlù, sikurudíráfà, ọwọ́ òsì ló fi ń mú gbogbo wọn. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi ṣe káfíńtà nílé iṣẹ́ àga kan nílùú wa, Valjevo, kí wọ́n tó ti ibẹ̀ pa. Láti ìgbà náà, ṣọ́ọ̀bù kékeré tó wà lẹ́yìn ilé wa ló ti ń tún àga ṣe. Kò sẹ́ni tó mọ orúkọ rẹ̀ kọjá òpópónà wa.

Relja ni kum rẹ̀: òun ló dúró tì í níbi ìgbéyàwó, tó di òrùka mú, òun náà ló sì sọ mí lórúkọ. Lọ́dọ̀ wa, kum ju ọmọ ìyá lọ. Wọ́n jọ dàgbà, wọ́n jọ ná owó oúnjẹ ilé ìwé sórí àpótí gẹ́ẹ̀mù, àpótí onígi tí wọ́n ń ju owó sí kí wọ́n tó tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ ṣeré, ní káfé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀ ojú irin. Relja ti di ará Belgrade, olú ìlú wa, báyìí. Ẹnu rẹ̀ dùn, eyín rẹ̀ funfun.

Lóṣù kẹta, ó wá bá wa.

"Kum, jẹ́ ká kọ́ àpótí gẹ́ẹ̀mù bíi ti ìgbà náà, èyí téèyàn lè gbé sí pálọ̀. Ká máa ya fídíò bá a ṣe ń ṣe é. Èmi á máa sọ̀rọ̀, ìwọ á máa ṣiṣẹ́. Tó bá parí, màá dárúkọ ẹ àti ṣọ́ọ̀bù ẹ. Wàá rí báwọn èèyàn ṣe máa wọ́ wá, tí wọ́n á ní kó o kọ́ tiwọn."

Ohun tí bàbá mi fẹ́ kò ju ìyẹn lọ: kí wọ́n dárúkọ òun.

Èmi ni mo di kámẹ́rà mú. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ, mi ò sì tíì ríṣẹ́. Relja ní kí n ya ojú òun lọ́tọ̀, kí n ya ọwọ́ bàbá mi lọ́tọ̀, kí n má ya méjèèjì pọ̀ láé. Ó ní kí bàbá mi bọ́ òrùka ìgbéyàwó rẹ̀, pé ó ń tàn sínú kámẹ́rà. Ó ra ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ búlúù fún un, irú èyí tí òun náà ń wọ̀. "Kó lè bára mu ni," ó wí. Mo gbà á gbọ́. Ìwé tí mo kà kò ràn mí lọ́wọ́ níbẹ̀.

Oṣù mẹ́fà ni iṣẹ́ náà gbà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni bàbá mi tú pátákó bọ́tìnnì palẹ̀ tó tún ihò rẹ̀ lu, torí ó ní kò bá àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé mu. Relja ń wá lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì, ó ń sọ̀rọ̀, ó ń mu kọfí, ó sì ń kó ẹ̀dà àwòrán lọ sí Belgrade láti tò ó fúnra rẹ̀.

Ọjọ́ Nikola Mímọ́, lóṣù Kejìlá, ló gbé ìpín mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ fídíò náà jáde sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọjọ́ ẹni mímọ́ tó ń ṣọ́ ìdílé wa nìyẹn. A kì í pe ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ náà, a kì í sì í lé ẹni tó bá wá. Ilé kún. Relja fọwọ́ ara rẹ̀ gbé fídíò náà sórí tẹlifíṣọ̀n.

Nígbà tó di ìpín kejì, Milisav, mẹ́káníìkì tó ń gbé nítòsí wa, gbé fọ́ọ̀kì sílẹ̀.

"Vidoje, wo ibí. Síkúrù yẹn ń wọlé ni àbí ó ń jáde?"

"Ó ń wọlé."

"Apá òsì lo wá ń yí i sí? Ogójì ọdún ni mo ti ń tú mọ́tò, mi ò rí èyí tó ń wọlé báyìí rí."

"Ẹ gba ife lọ́wọ́ ẹ̀," ìyàwó Milisav wí. "Ọtí ti ń bá a wo fídíò."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bàbá mi kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Èmi náà rí i wàyí: ọwọ́ ọ̀tún ló di sikurudíráfà mú. Relja ti yí gbogbo àwòrán ọwọ́ bàbá mi padà bí ìgbà téèyàn wò ó nínú jígí. Ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni Relja, kò sì gbéyàwó rí. Nínú fídíò, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sókè: "Ọwọ́ mi méjèèjì yìí ni mo fi kọ́ ọ. Èmi nìkan."

A wò ó dé ìpín kẹjọ. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ta pákó fún un. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀.

"Kum, o ò dárúkọ mi," bàbá mi wí.

"Ojú ẹnì kan ṣoṣo làwọn tó ń wo fídíò fẹ́ mọ̀, kum. Tí mo bá ní ọwọ́ ẹlòmíì ni, wọ́n á pè mí ní òpùrọ́."

"Kí lẹ wá jẹ́?" mo bi í.

"Dunja!" bàbá mi jágbe mọ́ mi. "Àlejò ni. Bu ẹja sí i fún kum."

Mo bu ẹja fún un. Ó jẹ ẹ́ tán.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé àwòrán tí mo yà gan-an, èyí tí wọn ò yí padà, sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mi ò fi ọ̀rọ̀ kankan kún un ju orúkọ bàbá mi àti àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀bù lọ. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, àwọn èèyàn ti fi wé ti Relja, Relja ti yọ tirẹ̀ kúrò, ẹni mẹ́ta sì ti kọ̀wé sí wa pé àwọn fẹ́ àpótí.

Bàbá mi wọ yàrá mi, fóònù wà létí rẹ̀. "Ìwà ọmọdé ni, kum. Má bínú, mo bẹ̀ ẹ́. Yóò yọ ọ́." Ó kọjú sí mi. "Yọ ọ́."

"Iṣẹ́ yín ni, Bàbá."

"Ẹni tó sọ ẹ́ lórúkọ nìyẹn. Yọ ọ́."

"Mi ò yọ ọ́."

Kò bá mi jà. Ó jókòó, ó dá àwọn mẹ́ta náà lóhùn fúnra rẹ̀. Ó ní Relja ló kọ́ àpótí náà, ó sì fi nọ́ńbà Relja ránṣẹ́ sí wọn.