Oògùn Tó Fi Ọ̀sán Han Ẹ̀gbọ́n Ìyá Mi

Iṣẹ́ ìṣirò ni ìyá mi ń ṣe nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe oògùn. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣe oògùn tuntun, òun ni yóò kọ́kọ́ jókòó tì í. Yóò wo ohun tí wọ́n máa rà, ohun tí yóò ṣòfò, ẹ̀rọ tí yóò ṣiṣẹ́ àti ọwọ́ tí yóò dì í sínú páálí, kó tó sọ iye tí hóró oògùn kan yóò náni. Ìyá Oníṣirò ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Nǹkan kì í tètè yà á lẹ́nu. Bí ẹ bá ní òjò ṣú, á ní òun ti ká aṣọ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tí àwa ọmọ ń pè ní Bàbá Télọ̀, ní àìsàn kan tí ẹnikẹ́ni ò kà sí àìsàn. Oorun a máa gbé e lọ láìròtẹ́lẹ̀. Bó bá ń wọn aṣọ fún oníbàárà, á sùn. Bí ẹ̀rín bá pa á, orúnkún rẹ̀ á yẹ̀, á rọra jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú àwàdà náà lẹ́nu. Àwọn kan ní ọ̀lẹ ni. Àwọn mìíràn ní ẹni tó sùn là ń jí, ta ló fẹ́ jí apirọrọ? Ìyàwó rẹ̀ ló taku, tó mú un dé ọ̀dọ̀ dókítà tó mọ̀ nípa oorun. Dókítà ní oògùn rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n ọ̀nà jíjìn ló ti ń wá, owó rẹ̀ kì í sì í ṣe ohun tí abẹ́rẹ́ àti òwú lè san.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ọ̀gá ilé iṣẹ́ ní kí ìyá mi ṣírò irú oògùn yẹn gan-an wò. Bó ti rí orúkọ àìsàn náà, ó lọ sọ fún ọ̀gá pé ẹ̀gbọ́n òun ní in, kí wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn. Ọ̀gá ní kó ṣe é, ẹlòmíràn yóò wá yẹ̀ ẹ́ wò.

Obìnrin tó jẹ́ apòògùn àgbà ibẹ̀ mú un lọ wo ohun tó ń ṣírò. Wọ́n wọ aṣọ funfun, wọ́n bo irun. Ìlẹ̀kùn kan ní láti tì kí òmíràn tó ṣí. Afẹ́fẹ́ inú yàrá náà, wọ́n ti sẹ́ ẹ bí omi mímu. Apòògùn ṣí àpótí irin, ó gbé agolo kan jáde tí kò tóbi ju agolo mílíìkì lọ. Ìyẹ̀fun funfun ló wà nínú rẹ̀. Kò lóòórùn, kò sì dán.

“Gbogbo ẹ̀ nìyẹn,” ni apòògùn wí, ó wá nawọ́ sí àwọn àpò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. “Ìyẹ̀fun inú àwọn àpò ńlá yẹn, ká lè rí hóró mú dání ni. Èyí ló ń ṣiṣẹ́.”

“Èèyàn mélòó ló lè gbà lọ́wọ́ oorun?” ni ìyá mi bi í.

“Gbogbo àwọn tí dókítà ìlú yìí mọ̀ pé wọ́n ní àìsàn náà. Títí ọdún á fi yí po.”

Ìyá mi ní orí òun wú. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ, òun náà mọ òwe yẹn. Ṣùgbọ́n kò rí i lójú rí. Ó dúró ti agolo náà bí ẹni tó dúró ti ọmọ tó ń sùn, kò fẹ́ mí sí i.

Nígbà tó wá jókòó ti iṣẹ́, ó rí i pé ìyẹ̀fun náà kọ́ ló ń jẹ owó jù. Wọ́n gbọ́dọ̀ fọ ẹ̀rọ kí oògùn ẹ̀fọ́rí tó ti kọjá níbẹ̀ má bàa kù sí i lára, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó mọ́, kí wọ́n tún yẹ hóró fúnra rẹ̀ wò. Bí wọ́n bá ń ṣe díẹ̀díẹ̀, wọn yóò máa fọ̀ láìsimi, hóró kan yóò sì wọ́n bíi ti ọ̀nà jíjìn. Ó bi apòògùn bóyá oògùn náà lè pẹ́ nílẹ̀. Apòògùn ní bí ọ̀rinrin ò bá dé ibẹ̀, á ju ọdún méjì lọ. Ìyá mi wá dábàá pé kí wọ́n ṣe ti odidi ọdún pa pọ̀, kí wọ́n fọ ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan. Iye náà wálẹ̀ ju ìlàjì lọ.

Ọ̀gá wo ìwé náà títí. “Ṣé kì í ṣe àánú ẹ̀gbọ́n yín ló ṣe ìṣirò yìí?”

“Àánú ò mọ ìṣirò, sà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tún un ṣe.”

Wọ́n tún un ṣe, ó bára mu. Ìjọba pẹ́ kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n wọ́n fọwọ́ sí i. Lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ hóró, ìyá mi dúró lẹ́yìn gíláàsì, wọ́n ń bọ́ sílẹ̀ wọ̀ọ̀ bí òjò. Ó ní òun, tí òun mọ iye ohun gbogbo, kò lè ka ohun tí òun ń wò.

Dókítà kọ ọ́ fún Bàbá Télọ̀. Ó ní kì í ṣe ìwòsàn pátápátá, yóò ṣì máa rẹjú díẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, èmi àti ìyá mi lọ kí i ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀rọ ìránṣọ ń dún. Kò gbójú sókè títí ó fi rán ẹsẹ̀ ṣòkòtò tán. Ó wá fọwọ́ tọ́ka sí ògiri.

“Àbúrò, ìmọ́lẹ̀ yẹn ti rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ibẹ̀ yẹn. Mo rí i bó ṣe ń lọ. Ṣé báyìí ni ọ̀sán ṣe máa ń gùn tó?”

“Báyìí ló ṣe ń gùn, Bùọ̀dá mi.”

“Kí lẹ máa ń fi í ṣe?”

Ìyá mi fa àga kan, ó jókòó tì í, àwọn méjèèjì jọ ń wo ìmọ́lẹ̀ náà. Nígbà tí a fẹ́ máa lọ, Bàbá Télọ̀ sìn wá dé títì. Ó ń wo gbogbo nǹkan bí àlejò. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti gba ṣọ́ọ̀bù yẹn, òun ò mọ̀ pé ọkùnrin tó ń tún bàtà ṣe lódìkejì máa ń kọrin, ohùn rẹ̀ sì dùn.